Ta Ni Yóò Dí Kòtò Náà?

(Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìgbáyé-gbádùn bá àwọn olùgbé ibùdó sọ ní ìpàdé Àpáta, Jos)

A mọ̀ pé ọ̀nà jìn sí ẹlòmíràn nínú yín, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó ti ń bomi rin ewébẹ̀ láti ìdájí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Nítorí náà a óò gbìyànjú kí a má fi àkókò yín ṣòfò.

Ohun tí ó mú wa pe ìpàdé yìí ni èyí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú yín mú ìwé kan wá sí ọ́fíìsì wa. Àwọn ọkùnrin méjì ni ó gun alùpùpù wá bá a ní oko. Wọ́n ní àwọn ń ṣojú fún ilé-iṣẹ́ kan tí owó rẹ̀ ti òkè òkun wá. Wọ́n ní òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ó ń ro, kí ó sáà tẹ̀ka sí ìwé. Owó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tó ra ẹ̀rọ afami méjì. Wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn létí, pé ilé-iṣẹ́ òkèèrè kì í ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́ láyé òde òní, pé ọgbọ́n tuntun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹni wa yìí kò tẹ̀ka. Ó ní òun fẹ́ béèrè ná. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ ni gbogbo wa wá dáhùn lónìí: bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbé owó rẹ̀ kúrò ní ìlú tirẹ̀ wá dókòwò ní ìlú ẹlòmíràn, ṣé ọgbọ́n tí kì í ba àyíká jẹ́ máa ń bá owó náà wá?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

OHUN TÍ OJÚ JOS TI RÍ

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti ń wa kùsà, tí wọ́n ń yọ́ ọ, tí wọ́n sì ń tà á. Ohun tí wọ́n ń wà ni tíìnì, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Òun ni wọ́n fi ń bo irin agolo kí ó má baà dípẹtà, òun náà ni àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń lẹ wáyà pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ Niger Company rán ènìyàn wá wo ibi tí tíìnì náà ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni owó àwọn ará London bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ojú-irin dé Bukuru ní ọdún 1914. Ojú-irin kan náà ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, àti láti Ìlọrin, tí wọ́n wá ń ta aṣọ àti oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ kùsà.

Ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí mú ọgbọ́n tuntun wá? A kò gbọdọ̀ purọ́, wọ́n mú un wá. Igi ìdáná ń tán lórí òkè, èédú sì jìnnà. Ohun tí yóò máa yí ẹ̀rọ wá di ìṣòro fún wọn. Wọ́n wo ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta ní Kwall àti ní Kurra, wọ́n sì fi agbára omi náà ṣe iná mànàmáná. Ní ọdún 1929 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ iná tí a mọ̀ sí NESCO sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Nàìjíríà kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ iná mànàmáná, omi ti ń yí ẹ̀rọ kùsà ní ìhà ibí. Kò sí èéfín níbẹ̀. Ọgbọ́n tí kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ni, owó òkèèrè ni ó sì gbé e dé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń lo iná olómi yìí, nígbà tí wọ́n bá wa ilẹ̀ tán, wọn a fi kòtò sílẹ̀, wọn a sì kọjá sí ibòmíràn. Ẹ̀rọ ńlá wọn a hú ilẹ̀ dúdú olóràá, a dà á sí ìsàlẹ̀, a sì kó yanrìn àti òkúta lé e lórí. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ilẹ̀ tí iṣẹ́ kùsà bàjẹ́ lórí òkè Jos lé ní 300 kìlómítà ní ìbú àti òró. Omi òjò kún inú àwọn kòtò náà, wọ́n di adágún. Oko àwọn Berom àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí ni ó bá a lọ. Ẹ má gbàgbé èyí nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ojú wọn ti rí i kí tiwa tó rí i.

Kí ni ó dé tí ọgbọ́n fi wà fún iná, tí kò sì sí fún ilẹ̀? Ìdí rẹ̀ kò le. Àìsí iná ń ná ilé-iṣẹ́ lówó lójoojúmọ́. Kòtò kò ná an ní kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ ni kòtò ń ná lówó. Ẹni tí bàtà bá ń ta lẹ́sẹ̀ ni í wá bàtà mìíràn.

Ìgbà tí òfin ìwakùsà ti ọdún 1946 dé ni títún ilẹ̀ ṣe tó di ohun tí ìjọba lè fi òfin mú ilé-iṣẹ́ ṣe. Ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa dí kòtò àti láti máa gbin igi yukalíptọ́ọ̀sì sí orí ilẹ̀ tí a dí. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ kí òfin tó dé pọ̀ jù, ilẹ̀ dúdú sì ti wà ní ìsàlẹ̀ kòtò. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba wa náà ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ kùsà. Àwọn kòtò kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a rò pé àwọ̀ ara ẹni tí ó ni owó ni ọ̀ràn náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, ọjà tíìnì wó ní London. Àjọ tí ń fi owó gbé iye tíìnì ró láàárín àwọn orílẹ̀-èdè kò rí owó ná mọ́. Láàárín ìgbà díẹ̀, iṣẹ́ kùsà ní Jos lọ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ túká. Ẹni tí a ìbá mú kí ó wá dí kòtò ti lọ, ṣùgbọ́n kòtò wà níbẹ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nínú ibùdó wa lọ pọn omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ létí adágún kùsà. Ọ̀dọ́mọkùnrin Berom kan tí ń bomi rin kábééjì rẹ̀ ni ó bẹ́ sínú omi, tí ó sì fà á jáde. Kòtò náà ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàápàá.

ILÉ-IṢẸ́ A MÁA ṢE BÍ ÌLÚ BÁ TI GBÀ Á

Kí ẹ má baà rò pé Jos nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀, a óò mú àpẹẹrẹ méjì láti ibòmíràn wá. Ọ̀kan dára, ọ̀kan kò dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ afami àti alùpùpù mọ orúkọ Honda. Ilé-iṣẹ́ àwọn ará Japan ni, ó sì ń wá ọjà fún ọkọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí èéfín olóró tí ń ti inú ọkọ̀ jáde dínkù gidigidi. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ń ráhùn pé òfin náà ti le jù. Honda padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣe ẹ́ńjìnnì kan tí ó pè ní CVCC, èyí tí ó ń jó epo mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi ẹ́ńjìnnì yìí kúnjú òfin náà, ó sì tà á ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní ọdún 1982. Ẹ rí i pé ìlú òkèèrè tí ó gbé òfin líle kalẹ̀ kò lé àlejò olówó lọ. Ṣe ni ó mú kí àlejò náà ronú.

Àpẹẹrẹ kejì jẹ́ ti ilé wa. Ní ọdún 1988, àṣírí tú ní Koko, ìlú etí omi kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Àwọn oníṣòwò láti Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún garawa ìdọ̀tí olóró láti àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù wá síbẹ̀. Wọ́n háyà àgbàlá ẹnì kan ní ìlú náà, owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún un kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọn ìbá fi pa ìdọ̀tí náà run lọ́nà tó tọ́ ní ìlú wọn. Kí ni ó mú wọn wá? Òfin ti le ní ọ̀dọ̀ wọn, kò sì sí òfin irú bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa. Ìjọba fi agbára mú kí wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà. Ní ọdún náà gan-an ni Nàìjíríà ṣe òfin tí ó sọ kíkó ìdọ̀tí olóró wọlé di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tí ó sì dá àjọ àpapọ̀ tí ń ṣọ́ àyíká sílẹ̀. Ní ọdún 1992 ni òfin mìíràn tẹ̀lé e, pé kí a máa yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi àpẹẹrẹ méjèèjì wé ara wọn. Ohun kan náà ni Honda àti àwọn tí ó lọ sí Koko ń wá, èrè ni. Ibi tí Honda lọ ti sọ iṣẹ́ àìmọ́ di ohun tí kò lè tà. Ibi tí àwọn ti Koko lọ ti jẹ́ kí iṣẹ́ àìmọ́ wọ́n pọ́ọ́kú. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè ẹni wa nìyí: owó òkèèrè kì í gbé ọgbọ́n mímọ́ sínú àpò wá. Ìlú tí ó gbà á ni í béèrè fún un, kí àlejò tó yọ ọ́ jáde.

Ìbéèrè náà sì gbọ́dọ̀ ní eyín. Òfin ọdún 1979 sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ epo dáwọ́ iná gáàsì tí wọ́n ń dá ní Niger Delta dúró láti ọdún 1984, àfi ẹni tí ó bá gba ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá tẹ̀síwájú yóò san owó ìtanràn. Owó ìtanràn náà kéré púpọ̀, ó rọrùn láti san ju kí a ra ẹ̀rọ tí yóò kó gáàsì náà jọ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì fara mọ́ ìtanràn, iná ń jó lọ.

ỌGBỌ́N TÍ Ó TI ỌWỌ́ ÀGBẸ̀ WÁ

A fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tí ó yẹ kí inú yín dùn sí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kùsà lọ tán, àwọn àgbẹ̀ ni ó rí ìlò fún kòtò wọn. Láti àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ Berom, Hausa àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kékeré fa omi adágún kùsà sí oko ní ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ń po eérú ààtàn ìgboro mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ òyìnbó, kí ilẹ̀ tí ó ti kú lè jí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Wọ́n dán an wò, wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Jos àti ti Durham ní Ìlú Òyìnbó wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé. Pòtétò, kábééjì, kárọ́ọ̀tì àti tòmátì tí ọkọ̀ ń kó lọ sí ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló mu omi kòtò kùsà.

Ìkìlọ̀ méjì ni a fẹ́ fi kún un. Ẹ máa ṣa bátìrì àti irin kúrò nínú eérú ààtàn kí ẹ tó dà á sí oko, nítorí pé oró wọn ń wọ inú ewébẹ̀. Ẹ má sì fi yanrìn dúdú tí ó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń fọ kùsà kọ́ ilé. Ohun kan wà nínú yanrìn náà tí ń tan ìtànṣán tí ojú kò lè rí, tí ó sì lè pa ara lára bí ènìyàn bá ń sùn nínú rẹ̀ fún ọdún pípẹ́.

OHUN TÍ Ó DÉ BÁ WA NÍSINSÌNYÍ

Òkúta tí àwọn ọkùnrin méjì yẹn ń wá ni wọ́n ń pè ní lítíọ́mù. Òun ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù, ti iná oòrùn, àti ti ọkọ̀ tí kì í mu epo. Àwọn ilé-iṣẹ́ láti Ṣáínà ti fi owó dókòwò lé e ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa tí ó wà ní ìtòsí wa. Wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ tí ń fọ̀ ọ́ níbẹ̀ ní ọdún 2024. Ọkọ̀ tí kò ní èéfín jẹ́ ohun rere. A kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ lè wà ní ìlú tí wọ́n ti ń gun ọkọ̀ náà, kí kòtò rẹ̀ sì wà lóko ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́. A kò fẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Berom nítorí agolo tún ṣẹlẹ̀ nítorí bátìrì.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún mú ìwé wá, nǹkan márùn-ún ni kí ẹ béèrè:

Èkínní, ìwé àṣẹ. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìtẹ̀ka àgbẹ̀ kò lè sọ ẹnikẹ́ni di oníkùsà. Bí wọn kò bá ní ìwé àṣẹ láti Àbújá, ẹ má bá wọn jókòó.

Èkejì, onílẹ̀. Àlejò ni a jẹ́ lórí ilẹ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ dá nìkan bá oníkùsà ṣàdéhùn lẹ́yìn onílẹ̀ àti olórí abúlé. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a óò ba àárín wa jẹ́, a óò sì tún pàdánù oko. Àwọn àti àwa ni kí ó jọ lọ, ohùn kan náà ni kí a sì sọ.

Ẹ̀kẹta, àbájáde àyẹ̀wò àyíká. Kí wọ́n kà á fún wa ní èdè tí a gbọ́: ibi tí omi ìfọ̀kùsà yóò ṣàn sí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí odò tí a ń lò.

Ẹ̀kẹrin, owó ìdíkòtò. Òfin ọdún 2007 kan náà fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ máa fi owó pamọ́ fún títún ilẹ̀ ṣe. Kí a rí ẹ̀rí rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Kí ó wà nínú àdéhùn pé wọn yóò kó ilẹ̀ dúdú sọ́tọ̀, wọn yóò sì dá a padà sí òkè. Kí ìtanràn ẹni tí kò dí kòtò pọ̀ ju owó dídí kòtò lọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ iná gáàsì.

Ẹ̀karùn-ún, àdéhùn ìdàgbàsókè pẹ̀lú gbogbo ìlú, tí òfin náà béèrè fún, lórí ìwé, pẹ̀lú owó gbà-máà-bínú fún irè oko ẹni tí ń ro ilẹ̀ náà.

Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní ọgbọ́n tuntun lóòótọ́ kò ní sá fún ìbéèrè márùn-ún. Inú rẹ̀ yóò dùn láti dáhùn. Ẹni tí ó bá bínú gun alùpùpù rẹ̀ lọ, ó ti dá wa lóhùn nìyẹn.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn. Owó ilé-ìwé ń dúró, ajílẹ̀ ti wọ́n, pòtétò ọdún tí ó kọjá sì bàjẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó mú ìwé náà wá ní ọmọ mẹ́rin ní ilé-ìwé. Ó bi wá léèrè pé, “Bí mo bá kọ̀, tí aládùúgbò mi gbà ń kọ́?” Ìbéèrè òdodo ni, àwa nìkan kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ óò dáhùn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ̀, tí ẹni kejì gbà, kòtò kan náà ni gbogbo wa yóò jọ máa ṣọ́mọ sí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa ní Àpáta, láìní ìtẹ̀ka. Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, lẹ́yìn ọjà, a óò lọ bá olórí abúlé àti àwọn onílẹ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí a lè jọ mọ ohun tí a óò sọ bí àwọn alálùpùpù bá padà wá. Ẹ mú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ ìwé kà lọ́wọ́.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe ọgbà yí etí adágún tí ó súnmọ́ ilé yín ká. Ẹ má tún rán ọmọdé nìkan lọ pọn omi.